Pupa márùn-ún fún hibiscus kan: bí a ṣe ń po ọ̀dà acrylic fún àwòrán òdòdó

Hibiscus pupa kò ṣọ̀wọ́n ní ilẹ̀ wa. Ẹ wo àwọn ilé àtijọ́ ní Ìbàdàn tàbí Èkó, ẹ ó rí i pé wọ́n gbìn ín yí ọgbà ká. Òdòdó náà tóbi, ó ń tàn, ó sì jọ pé kò ní ṣòro láti yà. Àmọ́ èyí tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ bá yà máa ń dà bí òdòdó oníke. Wọ́n á tẹ ọ̀dà pupa jáde látinú túúbù, wọ́n á fi funfun pò ó níbi tí oòrùn ti ń ràn, wọ́n á fi dúdú pò ó níbi tí òjìji wà. Ibi tó yẹ kó tàn á wá di píǹkì tó ṣì, ibi tó yẹ kó ṣú á di àwọ̀ ilẹ̀ tí kò lẹ́mìí. Ọwọ́ tó ń yà á lè mọ iṣẹ́ dáadáa, kó jẹ́ pé inú àwo ìpo-ọ̀dà ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́.

Àwòrán tí a máa fi ṣe àpẹẹrẹ níbí ní òdòdó kan, ewé rẹ̀ díẹ̀, àti aṣọ àdìrẹ aláró tí a ta sẹ́yìn rẹ̀. Mo yan àdìrẹ nítorí pé búlúù tó ṣú máa ń mú kí pupa tó gbóná yọ síta, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa kò ní wá a jìnnà.

Ọ̀dà tí ẹ máa rà

Ẹ má ra àpótí tó ní àwọ̀ mẹ́rìnlélógún. Túúbù mẹ́fà tó. Owó tí ẹ bá rí fi pamọ́ níbẹ̀, ẹ fi kún ti mẹ́fà náà, kí ẹ lè ra èyí tó nípọn díẹ̀. Nígbà tí ẹ bá dé ìsọ̀, ẹ má tẹ̀ lé orúkọ dídùn tó wà níwájú túúbù. Ẹ yí i padà, kí ẹ wá lẹ́tà àti nọ́ńbà kékeré tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ló ń sọ èròjà tó fún ọ̀dà náà ní àwọ̀, ohun kan náà ló sì ń tọ́ka sí, ilé-iṣẹ́ yòówù kó ṣe é.

– Funfun: titanium white, PW6.
– Ìyeyè: PY3 tàbí PY74.
– Pupa tó fì sí ìyeyè: naphthol red, PR112.
– Mágẹ́ńtà, pupa tútù tó fì sí búlúù: PR122.
– Búlúù: ultramarine, PB29.
– Àwọ̀ ilẹ̀: burnt umber, PBr7.

Dúdú kò sí níbẹ̀, mi ò sì gbàgbé rẹ̀. Ultramarine àti burnt umber, bí ẹ bá pò wọ́n pọ̀ ní ìdọ́gba, yóò ṣú débi tí ojú fi máa gbà pé dúdú ni, síbẹ̀ ẹ lè fì í sí búlúù tàbí sí àwọ̀ ilẹ̀ bí ẹ bá ṣe fẹ́. Dúdú inú túúbù kì í gbà yín láyè bẹ́ẹ̀.

Mágẹ́ńtà ni àwọn èèyàn máa ń fò jù. Wọ́n á ní, “Pupa ti wà nílẹ̀, kí la tún fẹ́ fi píǹkì ṣe?” Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé mágẹ́ńtà àti ìyeyè, tí ẹ bá pò wọ́n, máa fún yín ní pupa, ṣùgbọ́n kò sí túúbù méjì nínú ìyókù tó lè bí mágẹ́ńtà fún yín. Bí owó bá fún yín lọ́rùn, ẹ yọ pupa kúrò, ẹ fi mágẹ́ńtà sílẹ̀.

Àwọn túúbù olówó pọ́ọ́kú kan wà tí wọn kò kọ nọ́ńbà kankan sí. Ẹ tẹ pupa wọn díẹ̀ síta, kí ẹ fi funfun tó pọ̀ pò ó. Bí ó bá di àwọ̀ tó ń lọ sí ti ẹran ìbẹ́pẹ tó pọ́n, pupa tó fì sí ìyeyè ni. Bí ó bá di píǹkì tútù, ó fì sí búlúù. Irú ìdánwò yìí wúlò fún búlúù náà, torí funfun máa ń tú àṣírí ọ̀dà tó bá ṣú. Tí ẹ bá sì rí túúbù tí wọ́n kọ nọ́ńbà èròjà tó tó mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí, ẹ mọ̀ pé wọ́n ti po àwọ̀ yẹn láti ilé-iṣẹ́, bí ẹ bá tún fi òmíràn kún un, kò ní pẹ́ tó fi máa dọ̀tí.

Ẹnì kan á bi mí nípa funfun tí a fi ń kun ògiri ilé, èyí tó kún inú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ lè rí i lò fún ìdánwò lórí páálí. Kì í ṣe òun ni mo máa fi po pupa, torí ẹfun inú rẹ̀ máa ń pa ìtànṣán àwọ̀.

Ibi iṣẹ́

Omi inú acrylic ló ń fò lọ tí ọ̀dà fi ń gbẹ, tó bá sì ti gbẹ tán, omi kò lè tú u mọ́. Nígbà ọyẹ́, àwọ̀ tí ẹ fi sùúrù pò lè gbẹ kí ẹ tó mu omi tán. Nítorí náà, ẹ wá ike oúnjẹ pẹlẹbẹ tó ní ọmọrí. Ẹ rẹ tíṣù tó nípọn sínú omi, ẹ fún un díẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ sísàlẹ̀ ike náà. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́ bébà tí àwọn tó ń yan kéèkì fi ń tẹ́ inú agolo lé e. Orí bébà yẹn ni ẹ ti máa po ọ̀dà. Omi á máa gòkè díẹ̀díẹ̀ láti inú tíṣù, tí ẹ bá sì dé ọmọrí rẹ̀, àwọ̀ yín á ṣì tutù ní ọjọ́ kejì.

Ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kí oòrùn má ta sórí àwo yín tààrà. Gílóòbù tí iná rẹ̀ pọ́n máa ń parọ́ fún ojú: ìyeyè á jọ funfun, búlúù tó ṣú á jọ dúdú. Bí wọ́n bá mú iná lọ lálẹ́, tó jẹ́ fìtílà onígbátìrì ló kù, ẹ fi àkókò yẹn ya ìlà òdòdó náà. Ẹ má po àwọ̀.

Ife omi méjì, àkísà kan, búrọ́ọ̀ṣì mẹ́ta, àti ọ̀bẹ pẹlẹbẹ tí a fi ń po ọ̀dà. Ọ̀bẹ yẹn ṣe pàtàkì, torí búrọ́ọ̀ṣì máa ń fi ọ̀dà pamọ́ sí ìdí irun rẹ̀, àwọ̀ tí ẹ rò pé ẹ ti pò tán á tún yí padà lórí káńfáásì.

Ẹ kọ́kọ́ wo òdòdó náà

Ẹ já a ní òwúrọ̀, torí òdòdó hibiscus sábà máa ń rọ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ẹ gbé e sórí àdìrẹ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kí ìmọ́lẹ̀ ti ẹ̀gbẹ́ kan wá. Ẹ lè fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹ lè rántí bó ṣe rí, ṣùgbọ́n ẹ má fi fọ́tò yẹn po pupa. Kámẹ́rà fóònù kì í lè gbé pupa tó tàn gan-an dáadáa, ó máa ń sọ gbogbo rẹ̀ di pupa kan ṣoṣo, gbogbo ìṣẹ́po àti iṣan ara òdòdó á sì pòórá.

Ewé òdòdó náà jẹ́ márùn-ún, ọ̀kọ̀ọ̀kan gun èkejì díẹ̀. Ọ̀fun rẹ̀ ṣú, ó pọ́n dòdò. Láti inú ọ̀fun yìí ni òpó kan ti yọ jáde, tó ní hóró ìyeyè wẹ́wẹ́ lára, pẹ̀lú orí kékeré márùn-ún tó pupa ní ṣóńṣó rẹ̀. Ẹni tó bá ti dé oko ilá rí ti mọ ìrísí yìí, torí ìbátan ni hibiscus àti ilá, òdòdó ilá náà ní ọ̀fun tó ṣú bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyeyè ni ara rẹ̀.

Ẹ wá di ojú yín díẹ̀, kí ẹ wo ibi tí pupa náà ti yí padà. Níbi tí oòrùn ti kàn án, ó fẹ́ di àwọ̀ ọsàn. Níbi tí ewé òdòdó ti tẹ̀ sókè sí ojú ọ̀run, ó ní píǹkì tútù kan tó ń dán. Níbi tí ewé òdòdó kan ti ṣíji bo òmíràn, ó ń lọ sí àwọ̀ wáìnì. Ohun tí a máa pò nìyẹn.

Pupa márùn-ún

Òfin kan ló wà fún gbogbo ìpo-ọ̀dà yìí: ẹ fi àwọ̀ tó ṣú kún èyí tó mọ́lẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ẹ má ṣe é ní ìdàkejì. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti ara ultramarine tí ẹ wá ń fi pupa tì í, ẹ ó lo túúbù pupa yín tán kí ẹ tó dé ibi tí ẹ ń lọ.

Pupa àkọ́kọ́ ni pupa ara òdòdó, èyí tó máa gba ààyè jù. Ẹ tẹ naphthol red bíi ṣíbí kékeré kan, ẹ fi mágẹ́ńtà bíi ìdá mẹ́rin rẹ̀ kún un. Bí ẹ kò bá ra naphthol, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìyeyè kékeré, kí ẹ máa fi mágẹ́ńtà kún un títí yóò fi kúrò ní àwọ̀ ọsàn tó sì dúró ní pupa. Ẹ po èyí tó pọ̀, ó kéré tán ìlọ́po mẹ́ta ohun tí ẹ rò pé ẹ nílò, torí láti ara rẹ̀ ni pupa kejì àti ẹ̀kẹrin á ti jáde, ó sì nira láti tún àwọ̀ kan náà pò bí ó bá tán lójijì.

Pupa kejì wà fún ibi tí oòrùn kàn. Ẹ mú díẹ̀ nínú ti àkọ́kọ́, ẹ fi ìyeyè kún un, kí ẹ tó wá fi funfun tó wà ní ṣóńṣó ọ̀bẹ sí i. Ìyeyè ló ń mú pupa mọ́lẹ̀ láìpa á. Funfun nìkan máa ń mú un tutù, á sì jẹ́ kó dà bíi pé wọ́n da ẹfun sí i lára. Ibí gan-an ni àwòrán púpọ̀ ti ń kú.

Ẹ̀kẹta ni dídán tó ti ojú ọ̀run wá. Níbí, píǹkì tútù la ń fẹ́, nítorí náà mágẹ́ńtà àti funfun nìkan, láìsí ìyeyè rárá. Ẹ lè fi ultramarine tó kéré gan-an kún un bí ojú ọ̀run bá mọ́ gaara. Ẹ ó lò ó níwọ̀nba, ní etí ewé òdòdó àti lórí ìṣẹ́po. Bí ẹ bá kùn ún káàkiri, òdòdó náà á di aláwọ̀ píǹkì.

Ẹ̀kẹrin ni òjìji. Ẹ mú nínú ti àkọ́kọ́, ẹ fi mágẹ́ńtà kún un, kí ẹ wá fi ultramarine tó wà ní ṣóńṣó ọ̀bẹ sí i. Ẹ pò ó, ẹ wò ó, kí ẹ tó tún fi kún un. Bí ó bá ń lọ sí àwọ̀ èsè àlùkò jù, ẹ fi àwọ̀ ewé tí a máa pò nísàlẹ̀ yìí díẹ̀ sí i, torí àwọ̀ ewé àti pupa máa ń pa iná ara wọn. Mo fẹ́ràn ọ̀nà kejì yìí, nítorí pé ó ń so òdòdó àti ewé pọ̀ láìjẹ́ pé ẹni tó ń wò ó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún wà fún ọ̀fun: mágẹ́ńtà, ultramarine tó tó ìdá mẹ́ta rẹ̀, àti burnt umber kíún. Ó máa ṣú dòdò. Ẹ fi ìka yín mú funfun díẹ̀, kí ẹ pò ó mọ́ díẹ̀ lára rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo; bí ó bá di àwọ̀ wáìnì, ó ti pé. Bí ó bá di eérú, umber ti pọ̀ jù.

Ẹ má tíì fi wọ́n kan káńfáásì. Ọ̀dà acrylic máa ń ṣú díẹ̀ sí i nígbà tó bá gbẹ, torí oje tó so ó pọ̀ máa ń funfun bíi wàrà nígbà tó tutù, á sì mọ́ gaara nígbà tó bá gbẹ tán. Nítorí náà ẹ gé páálí funfun kan, ẹ fi díẹ̀ nínú àwọ̀ kọ̀ọ̀kan kun ojú kékeré kan lórí rẹ̀, ẹ kọ ohun tí ẹ fi pò ó sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ gbé e síwájú fáànù. Tí ó bá ti gbẹ, ẹ gbé páálí náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ òdòdó gidi. Èyí tó bá ṣú jù, ẹ tún mú un mọ́lẹ̀ lórí àwo. Pupa kejì ló sábà máa ń nílò àtúnṣe yìí.

Àwọ̀ ewé

Àwọ̀ ewé inú túúbù pariwo jù. Ultramarine àti ìyeyè máa fún yín ní èyí tó rọlẹ̀, tó sì sún mọ́ ewé hibiscus. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara ìyeyè, ẹ máa fi búlúù kún un. Fún ewé tó wà nínú òjìji, ẹ fi búlúù sí i ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí ẹ fi pupa àkọ́kọ́ kíún pa iná rẹ̀. Fún ewé tí oòrùn ń gbà kọjá láti ẹ̀yìn, ẹ fi ìyeyè púpọ̀ sí i láìfi funfun sí i.

Ewé hibiscus máa ń dán. Dídán náà kì í ṣe ìyeyè. Ojú ọ̀run ló ń hàn lára rẹ̀, nítorí náà ó yẹ kó jẹ́ funfun tó ní búlúù díẹ̀. Ìlà kan tàbí méjì tó.

Àdìrẹ ẹ̀yìn

Ultramarine, burnt umber, ó tán. Ẹ jẹ́ kí búlúù borí. Níbi tí aṣọ ti ṣẹ́po, ẹ fi umber kún un. Níbi tó ti gba ìmọ́lẹ̀, ẹ fi funfun díẹ̀. Iṣẹ́ ọnà funfun tó wà lára aṣọ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ funfun inú túúbù, torí á máa fa ojú kúrò lára òdòdó. Ẹ fi díẹ̀ nínú àwọ̀ aró tí ẹ ti pò yẹn pa funfun náà, débi tó fi jọ aṣọ tí wọ́n ti fọ̀ léraléra. Ẹ jẹ́ kí etí àwọn àmì náà rọ̀ bí ó bá ṣe ń jìnnà sí òdòdó, kò pọn dandan kí gbogbo wọn pé.

Bí ẹ ṣe máa kùn ún

Ẹ kùn ẹ̀yìn ṣáájú. Nígbà tó bá gbẹ, ẹ wá sí òdòdó, àmọ́ ẹ fetí sí èyí: mágẹ́ńtà àti naphthol kì í bo nǹkan mọ́lẹ̀ dáadáa. Bí ẹ bá kùn wọ́n tààrà sórí aró, aró á yọ lábẹ́ wọn, pupa á sì dọ̀tí. Kí ẹ tó fi pupa kan ibẹ̀, ẹ fi funfun tí ẹ ti pò mọ́ ìyeyè díẹ̀ kun gbogbo ojú òdòdó náà, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ìyeyè abẹ́ yìí ló ń mú kí pupa dà bíi pé iná wà nínú rẹ̀. Kò sí pupa kankan tí ẹ lè pò tó máa ṣe iṣẹ́ yẹn fún yín.

Lẹ́yìn náà, pupa àkọ́kọ́ sí gbogbo ara, ẹ̀ẹ̀mejì bí ó bá nílò rẹ̀. Ẹ̀kẹrin sí òjìji. Ẹ̀karùn-ún sí ọ̀fun, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tó tutù díẹ̀ fa etí rẹ̀ síta bí iṣan ewé òdòdó ṣe ń lọ. Kejì sí ibi tí oòrùn kàn. Bí ààlà àárín wọn bá le jù, ẹ po mágẹ́ńtà mọ́ oje acrylic tí kò láwọ̀, kí ó fẹ́lẹ́, ẹ fi bo ibẹ̀ lẹ́yìn tí ohun gbogbo bá ti gbẹ. Omi nìkan lè ṣe é, bí kò bá pọ̀ jù. Tí omi bá pọ̀ jù, ọ̀dà kì í lè di káńfáásì mú dáadáa. Píǹkì tútù ló máa kẹ́yìn lára ewé òdòdó.

Hóró ìyeyè orí òpó náà nílò àrékérekè kékeré: ìyeyè kò ní hàn lórí ọ̀fun tó ṣú. Ẹ kọ́kọ́ fi funfun kán an tó-tó-tó, kí ó gbẹ, kí ẹ tó wá fi ìyeyè lé e.

Bí ó bá jẹ́ òdòdó mìíràn

Bougainvillea ni ó rọrùn jù, mágẹ́ńtà láti inú túúbù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹ. Ẹ fi ultramarine sí òjìji rẹ̀. Ohun aláwọ̀ tí a ń pè ní òdòdó níbẹ̀, ewé ni wọ́n, mẹ́ta mẹ́ta. Òdòdó gidi ni àwọn funfun kékeré tó wà láàárín, nítorí náà ẹ má gbàgbé wọn.

Òdòdó funfun, irú bíi frangipani, le ju pupa lọ. Òjìji rẹ̀ kì í ṣe funfun àti dúdú. Ẹ fi ultramarine kíún àti umber tó tún kéré sí i po funfun, kí ẹ sì fi ìyeyè sí i bí ẹ bá ṣe ń sún mọ́ àárín. Ẹ jẹ́ kí funfun gangan kù sí ibi kan ṣoṣo tí oòrùn kàn jù.

Òdòdó ìyeyè: ẹ má fi dúdú mú un ṣú láé, torí àwọ̀ ewé ló máa di. Umber díẹ̀ tàbí mágẹ́ńtà díẹ̀ ló ń ṣe é.

Bí àwọ̀ bá dọ̀tí

Ẹ ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí ó bá ti lé ní mẹ́ta yàtọ̀ sí funfun, ẹ má gbìyànjú láti tún un ṣe, ẹ fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó lè wúlò fún òjìji aṣọ ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà, ẹ wo omi yín. Ife kan wà fún fífọ búrọ́ọ̀ṣì, èkejì fún omi tí ẹ ń fi po ọ̀dà, bí èkejì bá ti ní àwọ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Búrọ́ọ̀ṣì tí ẹ kò bá lò lọ́wọ́, ẹ má dá a dúró sínú omi lórí irun rẹ̀. Ẹ nù ún, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀. Pupa tó bá ṣẹ́ kù, ẹ fi omi wọ́n ọn díẹ̀, ẹ dé ike náà, kí ẹ sì lẹ páálí tí ẹ fi dán àwọ̀ wò mọ́ ẹ̀yìn káńfáásì, pẹ̀lú nọ́ńbà túúbù kọ̀ọ̀kan lórí rẹ̀. Tí ẹnì kan bá ní kí ẹ ya irú rẹ̀ fún òun lọ́dún tó ń bọ̀, ibẹ̀ ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀.